Kí N Tó Rẹ́ Ògiri

Ẹ má bi mí léèrè ibi tí mo ti kọ́ ọ.
Bíríkìlà ni mí, n ò lọ ju ìwé mẹ́fà lọ.
Ṣùgbọ́n bí èrò bá dé,
orí mi a máa kùn bí ilé oyin tí ọmọdé sọ lókò,
àfi kí n wá nǹkan fà á lé.

Pẹ́ńsù káfíńtà pẹlẹbẹ ló ń gbé etí mi.
Kí n tó po sìmẹ́ǹtì láàárọ̀
n ó kọjú sí búlọ́ọ̀kù tí kò tíì wọṣọ,
n ó ya róbótó kan sí àárín,
ohun tó ń dùn mí ni n ó fi sínú rẹ̀.
Láti ibẹ̀ n ó fa ẹsẹ̀ jáde, ọ̀kan, òmíràn:
gbèsè Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún lápá òsì,
owó ilé-ìwé lápá ọ̀tún,
òrùlé tó ń jò lókè, mo ya òjò sí i, ìlà wẹ́wẹ́ mẹ́ta.
Ẹsẹ̀ kan á lọ pàdé òmíràn níbi tí n kò fọkàn sí.
N ó dúró, n ó wò ó.
Háà, ṣé ibí ni ọ̀rọ̀ yìí ń lọ látàárọ̀?

Ẹnu mi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.
Ẹnu ń tò wọ́n bí èrò tó fẹ́ wọ rélùwéè,
ẹni ẹ̀yìn kò rí ojú ẹni iwájú.
Lára ògiri, gbogbo wọn jókòó yíká, wọ́n ń wo ara wọn.

Bó bá di ọ̀sán, n ó rẹ́ ẹ bò.
Onílé kò mọ̀.
Ní Òkè-Baálẹ̀, ní Ìgbóǹnà, ní Òkè-Fìà,
àwọn ènìyàn gbé ìrọ̀rí ti àníyàn mi, wọ́n ń hanrun.

Ọmọ mi Fadérera ní, "Bàbá, ẹ gba ìwé."
Olójú ewé ọgọ́ta ló rà.
Mo ṣí i. Ìlà, ìlà, ìlà.
Ìwé ti mọ ibi tí èrò yóò gbà kí èrò tó dé.
Mo fi ń kọ iye àpò sìmẹ́ǹtì.

Wọ́n wá ń la ọ̀nà ní Alékúwodò lọ́dún tó kọjá.
Katapílà kan ilé tí mo kọ́ nígbà tí irun mi ṣì dúdú,
ohun tí mo fi rẹ́ ẹ já bọ́ bí èèpo igi,
èrò ọ̀nà dúró.
"Ta ló ya aláǹtakùn sára ilé?"
Ọmọkùnrin kan ń fi fóònù yà á.
N kò dáhùn. Mo sún mọ́ ọn.

ÀBÍJÀN ló wà nínú róbótó.
Mo ti gbàgbé pé mo fẹ́ lọ rí.
Owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, ó pé, mo fa ìlà méjì sí i nídìí.
Orúkọ Lájídé wà níbẹ̀, ẹni tó ní kí n máa bọ̀.
Gbogbo ẹsẹ̀ ló kọjú sí ìwọ̀-oòrùn
àfi ọ̀kan, tín-ín-rín,
tó wọ́ lọ sísàlẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìpìlẹ̀,
tó lọ dúró lórí àpótí ìjókòó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.
Ẹsẹ̀ kẹrin ti kán. Mo yà á dáadáa.
Àpótí ìyá mi ni, èyí tó fi ń dúró dè mí lálaalẹ́.
N kò kọ orúkọ kankan sí i.

Ogún ọdún ni mo ti ń sọ fáyé pé owó ni kò tó.

Awakọ̀ fọn fèrè. Mo bọ́ sẹ́yìn.
Irin kan ògiri lẹ́ẹ̀kan péré.
Eruku rẹ̀ ni mo gbé wálé nínú irùngbọ̀n.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo tọrọ ìwé lọ́wọ́ Fadérera,
mo dà á dùbúlẹ̀ kí ìlà inú rẹ̀ lè nàró bí òjò,
mo ya ẹsẹ̀ mẹ́ta.
Ìkẹrin,
mo ṣì di pẹ́ńsù mú.